Àgbo Nínú Ife, Kòkòrò Nínú Ẹ̀jẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Egbòogi Ibà

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn ará àdúgbò wa sọ ní Ìlọrin níbi ìpàdé kan lórí ìlera. Mo ti tún un tò díẹ̀ kó lè ṣe é kà, mo sì fi díẹ̀ lára ìbéèrè àwọn èèyàn kún un nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin alfa, gbogbo ọmọ Àfọ̀njá ẹnu dùn jùyọ̀, mo kí yín o. Ẹ̀yin ará Igbómìnà tí ẹ wá láti Òró àti Ọ̀mù-Àrán, ẹ kú ọ̀nà. Mo rí àwọn ìyá eléwé ọmọ láti Ìpàtà níwájú níbẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ wá wò ó bóyá apòògùn òyìnbó yìí fẹ́ ba ọjà yín jẹ́ ni. Ẹ fọkàn balẹ̀. N kò ní ba ọjà yín jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ohun kan tàbí méjì tí kò ní dùn mọ́ yín. Àwọn nọ́ọ̀sì tó jókòó lápá ọ̀tún náà á gbọ́ tiwọn.

Ohun tí wọ́n ní kí n dáhùn ni pé ṣé àgbo ń wo ibà lóòótọ́ àbí irọ́ ni. Bí a bá gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ báyìí, ariwo ni yóò dá sílẹ̀. Ẹni tó mu dongoyaro tó sì yá á máa búra. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé ọmọ wá bá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ti ń rọ ọ́ lágbo náà á máa búra. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn, ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ni kò dọ́gba. Ẹni àkọ́kọ́ ń wo ara: ṣé ó ti tutù, ṣé oúnjẹ ti ń lọ lẹ́nu? Nọ́ọ̀sì ń wo ẹ̀jẹ̀: ṣé kòkòrò ṣì wà níbẹ̀? Ara lè yá kí kòkòrò má tíì tán. Orí kókó yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí ibà ṣe ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ọ rí. Abo ẹ̀fọn Anopheles ló ń gbé kòkòrò náà wọ ara wa. Èyí tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, tó sì burú jù, ni Plasmodium falciparum. Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, ló kọ́kọ́ rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ní 1880. Ní 1897, Ronald Ross rí i nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Inú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò náà kọ́kọ́ ń sá sí, á lò tó ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kó tó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá débẹ̀, á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, á máa pọ̀ sí i nínú wọn, á sì máa bẹ́ wọn ní bíi wákàtí 48 síra wọn. Bíbẹ́ yẹn ló ń fa òtútù tó ń gbọ̀n wá àti ìgbóná tó ń tẹ̀ lé e. Oòrùn kọ́ o. Epo pupa kọ́, dòdò kọ́.

Nítorí náà ibà máa ń gùn, ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àgbàlagbà tí wọ́n bí sí Ìlọrin, tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré, ara rẹ̀ ti mọ kòkòrò yìí, ó sì máa ń bá a jà dé ìwọ̀n tó lágbára. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá mu àgbo lọ́jọ́ Ajé, tí ara tutù lọ́jọ́rú, ta ló ṣiṣẹ́: àgbo ni, àbí ara rẹ̀, àbí ibà tó ti fẹ́ rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ojú lásán kò lè sọ ọ́. Àìdọ́gba ńlá wà níbí tí a kì í fẹ́ gbà. Àgbo tí bàbá ẹni 50 ọdún mu tó sì yá, ọmọ ọdún 2 lè mu ún kó kú, torí ara ọmọ kò tíì kọ́ ìjà náà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ni ibà ń pa jù nílẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká mú ewúro, torí kò sí ilé tí kò sí. Ní Uganda, wọ́n fi omi ewúro tútù wo àwọn tí ibà tí kò tíì le ń ṣe, àwọn tó ti tó ọdún 12 sókè. Wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2009. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, 67 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn ti yá tó bí oníṣègùn ṣe ń fẹ́. Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Nínú àwọn tí ara wọn yá yìí, 32 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni kòkòrò tán pátápátá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì tún padà sára ọ̀pọ̀ nínú àwọn yẹn náà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ewúro kò ṣe nǹkan kan, ìwádìí yẹn kò gbè é. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ó tó oògùn, kò gbe òun náà. Ó bá iná tó ń jó lókè jà, ẹ̀ṣẹ́ná wà lábẹ́ eérú.

Ìkòkò wá kàn. Ẹ bá mi wo ìkòkò àgbo ibà lórí ààrò. Èèpo igi ahùn ló máa ń wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú èèpo dókítà igbó tí inú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, èèpo màngòrò, ewé dongoyaro, ewé orúwo, ewé ìbẹ́pẹ tó ti gbó, koríko ọba, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n là sí méjì-méjì. Omi ọjọ́ kìíní máa ń dúdú, ó sì máa ń korò débi pé ọmọdé á sá lọ sílé kejì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á tún gbé e kaná. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún, omi náà ti ń mọ́ gaara, adùn koríko ọba nìkan ló kù lẹ́nu. Síbẹ̀ ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́ ni wọ́n ń mu látìbẹ̀rẹ̀. Ife ò yí padà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yí. Ọjọ́ tí kòkòrò tó kù yẹ kó gba ìyà àgbàyanjú ni àgbo ti di omi gbígbóná. Ìdí kan rèé, lójú tèmi, tí ibà tí wọ́n fi àgbo wò fi máa ń padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n á sì ní òmíràn ni.

Mo gbọ́dọ̀ yin àwọn ìyá wa fún ohun kan. Ọ̀pọ̀ nínú yín kì í fi omi lásán rẹ èèpo igi, omi ògì kíkan lẹ fi ń rẹ ẹ́, pàápàá nílé àwọn tí kì í fẹnu kan ọtí. Kí ni omi kíkan ń ṣe? Àwọn èròjà tó ń jẹ́ alkaloid, tó pọ̀ nínú èèpo àti egbò tó korò, máa ń yọ́ sínú omi kíkan ju bí wọ́n ṣe ń yọ́ sínú omi lásán lọ. Onímọ̀ kẹ́míkà nínú lábọ̀rátọ́rì náà máa ń da ásíìdì díẹ̀ sí i tó bá fẹ́ yọ wọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú omi ògì kò mọ orúkọ alkaloid, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ sọ fún un pé èyí korò ju tìyẹn lọ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni palmatine àti jatrorrhizine tó wà nínú dókítà igbó, àwọn ló fún èèpo náà ní àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún wo dongoyaro fúnra rẹ̀. Igi Íńdíà ni. Nǹkan bí 1928 ni wọ́n gbé e wọ ìhà àríwá Nàìjíríà. Àwọn baba ńlá wa tó kú ṣáájú ìgbà náà kò mọ̀ ọ́n. Lónìí kò sí àgbo ibà tó pé láìsí i. Ẹni tó ń sọ pé ìṣègùn ìbílẹ̀ kì í yí padà, kó wo igi tó wà níwájú ilé rẹ̀. Àwọn àgbà rí igi àjèjì, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbà á. Ìdánwò ni wọ́n ṣe, àfi pé wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ wà nítòsí. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ egbòogi kó ewé mẹ́rin pọ̀: màngòrò, ahùn, orúwo àti dongoyaro. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Látìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi sọ àgbo náà ní MAMA. Wọ́n kó kòkòrò ibà ran eku, wọ́n fún un ní àgbo náà, kòkòrò náà sì dín kù. Èmi fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gan-an, torí àgbo gidi ni wọ́n dán wò bí a ṣe ń sè é, dípò kí wọ́n máa ṣa ewé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé eku ni. Plasmodium berghei tó ń ṣe eku kì í ṣe èèyàn. Ohun tó ṣiṣẹ́ lára eku lè má ṣiṣẹ́ lára wa, ìwọ̀n tó tó eku sì lè jẹ́ májèlé tàbí òfo fún ọmọ ènìyàn. Ẹ̀ ń gbọ́ lórí rédíò pé “àwọn onímọ̀ ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀,” ẹ bá mi bi wọ́n pé lára ta ni?

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀sì tún wà tí mo máa ń rẹ́rìn-ín sí. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan kéde pé nínú egbò ẹgbẹ̀sì tí wọ́n wú ní Kamẹrúùnù, àwọn rí tramadol, oògùn apàrora òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni, tramadol yẹn, èyí tí ìjọba ń lé kiri. Gbogbo ayé yà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì padà lọ wo ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbé tramadol mì kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ pẹ́ nínú oòrùn, wọ́n tún ń fún màlúù tó ń fa ohun ìtúlẹ̀. Ìtọ̀ èèyàn àti ti màlúù ń wọlẹ̀, igi ń fà á mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń wú egbò lẹ́bàá títì àti lẹ́bàá àkìtàn, ẹ rò ó.

Ẹ jẹ́ ká ré kọjá lọ sí Ṣáínà, torí níbẹ̀ ni ewé kan ti di oògùn gbogbo ayé. Ní 1967, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣírí kan tí wọ́n sọ ní 523, láti wá oògùn ibà fún àwọn ọmọ ogun ní Fiẹ́tnáàmù. Ìyá kan tó ń jẹ́ Tu Youyou kó ìwé àwọn oníṣègùn àtijọ́ jọ, ó sì rí ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao. Ó sè é, ó dán an wò, kò dúró ṣinṣin. Ó padà sínú ìwé tí Ge Hong kọ ní bí ọdún 1,600 sẹ́yìn, ó sì rí i pé Ge Hong kò ní kí wọ́n sè é rárá. Ó ní kí wọ́n rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú omi, kí wọ́n fún oje rẹ̀, kí wọ́n mu ún. Ni Tu bá fura pé iná ló ń pa oògùn inú rẹ̀. Ó fi ether, tí kì í gbóná kó tó hó, yọ ọ́. Ní oṣù kẹwàá 1971, àpẹẹrẹ kọkànléláàádọ́wàá pa gbogbo kòkòrò tó wà lára eku. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Ní 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Inú àwọn ìyá wa máa ń dùn tí mo bá sọ ìtàn yìí, wọ́n á ní “ẹ ò rí i!” Ó ku apá tí wọn kì í fẹ́ gbọ́. Artemisinin tó jáde nínú ewé náà kì í pẹ́ lára, láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti lọ. Bí wọ́n bá lo òun nìkan fún ọjọ́ mélòó kan, kòkòrò máa ń ṣẹ́ kù, á sì padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so ó pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn tó ń pẹ́ lára, tó sì di ACT tí Nàìjíríà gbà dípò chloroquine ní 2005. Artemether-lumefantrine tí ẹ ń rà, ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ mẹ́ta lẹ ó lò ó, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá díẹ̀. Ẹni tó gbé mẹ́ta mì tí ara tutù, tó wá fi ìyókù pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ de ọjọ́ mìíràn, àṣìṣe oníkòkò àgbo ọjọ́ karùn-ún lòun náà ń ṣe. Ara ló ń wò, kò wo ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń gbé tíì ewé Artemisia, qinghao yẹn náà ni, kiri báyìí náà ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i: ìwọ̀n tó wà nínú ife kò dúró sójú kan, kékeré tí kò pa kòkòrò tán a sì máa kọ́ ọ ní bó ṣe máa gbójú sí oògùn tó kù lọ́wọ́ wa.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a jí kọ́ ní Kwara wà ní Málì. Àwọn onímọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti inú lábọ̀rátọ́rì. Ilé dé ilé ni wọ́n lọ, wọ́n bi àwọn ìyá pé: ọmọ yín ṣe ibà láìpẹ́ yìí, kí lẹ fún un, báwo ló ṣe rí lẹ́yìn náà? Wọ́n kọ ti ẹni tó yá, wọ́n kọ ti ẹni tí kò yá. Nínú gbogbo ewé tí wọ́n dárúkọ, ọ̀kan ló yọrí jù, Argemone mexicana, ewéko ẹlẹ́gùn-ún olódòdó yẹ́lò tó máa ń hù létí títì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ìwọ̀n rẹ̀, tí wọ́n sì fi wé ACT. Láàárín ọjọ́ 28, 95 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo ACT kò nílò oògùn mìíràn, ti àwọn tó mu àgbo jẹ́ 89. Wọ́n ń ṣọ́ àwọn aláìsàn náà lójú méjèèjì o, ẹni tó bá le sí i ń rí oògùn gbà kíá. Kí ẹnikẹ́ni má ti ibí lọ já a. Yunifásítì ti wà ní Ìlọrin láti 1975, ìyá eléwé ọmọ kún Ìpàtà àti Ọjà Ọba. Kí ló dé tí ẹnì kan kò tíì fi ìwé àti bírò jókòó tì wọ́n fún òjò kan gbáko?

Ewu wá kù. Méjì ni mo mú, torí àwọn ló ń ká mi lára jù.

Àkọ́kọ́ ni gìrì. Bí ọmọ bá gìrì nítorí ibà, àwọn kan ṣì ń da àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe sí i lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti yẹ àgbo yìí wò láti bí ọdún 1970 sí i: ó máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì máa ń mú kí èémí rẹlẹ̀. Ibà líle fúnra rẹ̀ ti ń já ṣúgà ọmọ náà wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ti rí i pé ọ̀tá méjì ni wọ́n kó bá ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ tó ń gìrì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ṣíbí pàápàá, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n á ti fún un ní abẹ́rẹ́ artesunate.

Ìkejì ni láàlì, mo sì mọ̀ pé Ìlọrin ni mo wà tí mo ń sọ ọ́. Ìyàwó ó kun láàlì, kò sí ìjà. Àmọ́ ẹ má fi kun ọmọ tuntun lára, ẹ má sì se ewé rẹ̀ fún ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n. Nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 láàárín àwa Yorùbá ni èròjà kan tó ń jẹ́ G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tó wà nínú láàlì a máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa wẹ́wẹ́. Ojú á tún pọ́n sí i, ẹ ó ní ibà pọ́njú ni, ẹ ó tún se òmíràn.

Aláboyún kò gba àlàyé gígùn: kó má mu dongoyaro, kó lọ gba oògùn ìdènà ibà rẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí.

Lára ìbéèrè wọn: Alhaji kan béèrè bóyá òun lè mu àgbo pọ̀ mọ́ ACT, kó lè yára lọ. Mo ní rárá, sà. Àwọn ará Ifẹ̀ náà dán àgbo MAMA wò pẹ̀lú oògùn òyìnbó lára eku, torí wọ́n mọ̀ pé ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe nìyẹn. Ewé lè gbé oògùn sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè já a wálẹ̀. Ẹ lo ACT yín tán, tó bá wù yín, ẹ mu ewúro lẹ́yìn náà bí oúnjẹ. Ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti mu fún nọ́ọ̀sì. (Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, bí wọ́n bá sọ ọ́, ẹ má jágbe mọ́ wọn. Wọn ò ní sọ ọ́ mọ́ lẹ́ẹ̀kejì.)

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá Ìpàtà ló bi mí ní èyí tó gbẹ̀yìn, òun ló sì mọ́gbọ́n dání jù. Ó ní oníbàárà òun lo àgbo, ara rẹ̀ yá, ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ orí pátákó kékeré yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ibà ṣì wà. Ṣé àgbo òun ló kùnà? Mo ní ìyá, àyẹ̀wò yẹn kò lè sọ ọ́. Ohun tí kòkòrò ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wá, nǹkan náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹni tó lo ACT dáadáa náà lè rí ilà méjì tó ń sọ pé ibà wà. Kó lọ ní kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ òun sórí gíláàsì, kí wọ́n fi maikirosíkópù wò ó, níbẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i bóyá kòkòrò náà wà. Ó béèrè iye tí wọ́n ń gbà fún un. Nọ́ọ̀sì kan láti apá ọ̀tún ló dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì jọ jáde lọ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.